Àwọn Tí Wọ́n Fowó Ara Wọn Ra Èébú

Ẹ jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é gbọ́ lórí ìdúró. Ta ló ń pe eléré wá síbi àríyá ara rẹ̀, tí ó gbé agbádá wọ̀, tí ó kó ìjòyè àti mínísítà jókòó síwájú, tí inú wá bí i débi pé ó dìde fùú, ó bá tirẹ̀ lọ? Àgbàlagbà ló ṣe é o. Olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni pẹ̀lú. Ìbàdàn ló ti ṣẹlẹ̀, ní ìparí oṣù Kejì ọdún 1964, àwọn tó ń ṣèjọba lé wa lórí lónìí sì ti kọ́ ìwà náà, wọ́n tún fi tiwọn lé e.

Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin ni wọ́n fẹ́ fi lọ́lẹ̀. Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ló wà nídìí ẹgbẹ́ náà, wọ́n ní ti ìṣọ̀kan ọmọ Yorùbá ni. A kì í ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìsí eré, ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí Hubert Ògúńdé. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ni. Kò fo fèrèsé wọlé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kì í ṣe pé wọn kò mọ ọkùnrin náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti ṣe tíṣà, tó ti ṣe ọlọ́pàá, tó wá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nítorí eré orí ìtàgé. Ní 1945, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, Ògúńdé gbé eré jáde lórí rẹ̀, ó pè é ní Strike and Hunger, àwọn òyìnbó sì bá a fa wàhálà nígbà tó gbé e dé Jọs. Nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà èédú mọ́kànlélógún ní Iva Valley, ní Enúgù, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1949, ó tún gbé òmíràn jáde, Bread and Bullet. Wọ́n fòfin de ìyẹn ní Kánò. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹnu ọkùnrin yìí kì í dákẹ́ síbi tí ọ̀rọ̀ bá wà. Ẹ wá pè é, ẹ sanwó fún un, ẹ ní kó wá ṣeré fún yín. Ẹ̀yin náà kọ́!

Eré tó gbé wá ni Yorùbá Ronú. Ọba kan wà nínú rẹ̀, Fìwàjoyè, tí igbákejì rẹ̀ dìtẹ̀ mọ́ ọn, tó lọ bá ọ̀tá mulẹ̀, tí ọba fi di ẹlẹ́wọ̀n, tí ìyà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìlú. Ògúńdé kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Kò dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1964 tí à ń wí yìí, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n, oṣù Kẹsàn-án ọdún 1963 ni wọ́n dá ọdún mẹ́wàá fún un, Akíntọ́lá tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Action Group kí ìjà tó dé ló sì jókòó sórí àga ọlọ́lá níwájú ìtàgé yẹn. Ẹ̀yin ẹ fojú inú wò ó. Gbogbo orí tó wà nínú gbọ̀ngàn náà ni yóò ti máa yí díẹ̀díẹ̀ sápá ibi tó jókòó sí.

Bó ṣe dìde nìyẹn. Kí oṣù Kẹta tó parí, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti kéde pé ẹgbẹ́ eré Ògúńdé kò bófin mu mọ́, kò gbọdọ̀ ṣeré níbikíbi ní gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Ilé rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ ni àwọn tó gbọ́ èdè rẹ̀ wà! Ẹ gbọ́ ná, ta ni Akíntọ́lá tẹ́lẹ̀? Oníwèé ìròyìn ni. Òun ni olóòtú Daily Service ní àwọn ọdún 1940, ìwé ìròyìn tó ń ta ko ìjọba òyìnbó. Ẹnu rẹ̀ sì dùn! Títí dòní, àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì ń sọ àpárá rẹ̀ fún ara wọn. Ẹni tó lè dúró sórí pápá ìpolongo, kó sọ̀rọ̀ sí ọ̀tá rẹ̀ lára títí omi yóò fi máa bọ́ lójú àwọn ènìyàn nítorí ẹ̀rín, ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè fara da eré alẹ́ kan ṣoṣo. Ó mọ̀ ọ́n sọ, kò mọ̀ ọ́n gbà.

Ògúńdé kò bẹ̀bẹ̀. Eré tó tún gbé jáde lẹ́yìn ìfòfindè náà, Òtítọ́ Korò ló pè é. Àwo orin Yorùbá Ronú sì wọ ilé àwọn ènìyàn, ilé tí ìjọba kò lè ran ọlọ́pàá dé inú yàrá rẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní oṣù Kìíní ọdún 1966, tí wọ́n sì pa Akíntọ́lá nínú rògbòdìyàn náà, Adékúnlé Fájuyì tó di gómìnà kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ rárá, oṣù Kejì ni ó ti mú òfin náà kúrò. Nígbà tó yá, ìjọba àpapọ̀ gan-an ló tún ń wá Ògúńdé kiri pé kó wá bá wọn kó ẹgbẹ́ eré orílẹ̀-èdè jọ. Wọn kò ní ìtìjú kankan.

Ẹ má sì rò pé apá kan ló mọ́. Awólọ́wọ̀ ló dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV sílẹ̀ n'Íbàdàn, 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, nítorí pé Gómìnà Àgbà Macpherson bọ́ sórí rédíò ìjọba ní 1953, ó sọ̀rọ̀ sí i, wọn kò sì fún un láyè kó fèsì. Ohun tó dára ni, a ń fi yangàn. Ṣùgbọ́n rédíò àti tẹlifíṣàn kan náà, nígbà tí àga yí padà, ẹnu Akíntọ́lá ni wọ́n di. Débi pé ní oṣù Kẹwàá ọdún 1965, lẹ́yìn ìbò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé wọ́n yí, ẹnì kan mú ìbọn wọ ilé iṣẹ́ rédíò náà, ó ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ olórí ìjọba kúrò kí wọ́n sì fi téèpù tòun sí i, téèpù tó ní kí Akíntọ́lá kó ẹrù rẹ̀. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sí kóòtù lórí rẹ̀. Adájọ́ Káyọ̀dé Èṣó dá a sílẹ̀. Ìbọn o! Tìtorí rédíò! Ọ̀mọ̀wé tó kàwé ní Leeds! Àwọn ìyá wa ìgbà náà á ti pàtẹ́wọ́ títí.

Àbí ti Fẹlá ni kí n sọ? Ẹni tí àwọn oníwèé ìròyìn ń fi pátá rẹ̀ ta ọjà. Bó ṣe ń gba àlejò nínú pátá, bó ṣe gbé ìyàwó mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní oṣù Kejì ọdún 1978, kò sí ojú ìwé tí wọn kò fi ìwọ̀nyí sí. Àwa náà ń rà á, à ń mi orí, à ń ní "ọmọ Ransome-Kuti, ọmọ pásítọ̀, ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé." Ṣùgbọ́n nígbà tí Fẹlá fẹ́ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ nípa ìjọba, ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó lọ ra àyè ìpolówó. Ibi tí àwọn oníṣòwò ọṣẹ àti ọtí ti ń ra àyè, òun náà rà tirẹ̀ níbẹ̀, ó sọ ọ́ ní Chief Priest Say, ó fi ń bú ẹni tó bá fẹ́ bú nínú ìwé ìròyìn. Owó orin rẹ̀ ló fi san án. Oníròyìn tí wọ́n ń sanwó oṣù fún kò kọ irú rẹ̀. Olórin ló ń sanwó kí ó lè kọ ọ́. Tí ìyẹn kò bá jẹ́ ìtìjú fún àwọn oníwèé ìròyìn, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ohun tó wá bọ́ sí i lọ́rùn, ẹ ti gbọ́ ọ rí. Lẹ́yìn tí orin Zombie dé, àwọn sójà ya wọ ilé rẹ̀ ní Kalakuta, ní 18 oṣù Kejì ọdún 1977. Wọ́n sun ún níná. Wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, láti ojú fèrèsé, arúgbó ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin tó ti bá ọba àti òyìnbó jà nítorí owó orí àwọn obìnrin. Kò gbádùn mọ́, ó kú ní oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ní sójà tí a kò mọ̀ ló ṣe é. Sójà tí a kò mọ̀! Tí odidi ilé jóná lójú ọ̀nà mọ́tò ní ọ̀sán gangan! Àwọn tó ń pariwo pátá nígbà náà, mi ò gbọ́ ariwo wọn lórí ìyẹn tó bẹ́ẹ̀.

Ó tó àkókò kí n sọ ohun tó gbé mi dé ibẹ̀. Ta ni olórí ìjọba ní 1977? Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Ta ni ààrẹ ní 2004, nígbà tí ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Eedris Abdulkareem gbé Jaga Jaga jáde? Ọbásanjọ́ kan náà. Ọmọ Abẹ́òkúta ni òun àti Fẹlá. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wà láàárín, ó ti bọ́ aṣọ ológun, ó ti di alágbádá, orin sì tún bí i nínú. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́, kò sí iná. Ààrẹ bínú ní gbangba, ó dá ọ̀rọ̀ padà fún ọmọ tó lè bí, rédíò àti tẹlifíṣàn sì gbé orin náà kúrò. Kí ló ṣẹlẹ̀? Inú dáńfó ló kó lọ. Àwọn ọmọ iléèwé tí kò tíì lè kọ orúkọ ara wọn ń kọ ọ́ láti Ọ̀ṣòdì títí dé Ìyànà Ìpájà. Ààrẹ ìlú tó ń bá olórin takùrọ̀sọ, ẹ wò ó, àpọ́nlé wo ló tún kù fún olórin láti máa wá?

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ìgbà yìí díẹ̀, ibi tí NBC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣàn, ti di ìyá ọkọ fún gbogbo ilé iṣẹ́ rédíò. Ní 2017, orin Olamide kan, Wo, wọ wàhálà, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìlera ní fídíò rẹ̀ ń polówó sìgá. Ó dáa. A gbọ́. Ní 2018, Falz gbé This Is Nigeria jáde, ó fi àwọn ọmọbìnrin oníhíjáàbù jó ijó ṣakuṣaku nínú rẹ̀, MURIC, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn Mùsùlùmí, ní kó fà á sẹ́yìn kíá. Ìyẹn náà, mo lè gbọ́ ìdí tí inú fi bí wọn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, NBC bu owó ìtanràn 100,000 náírà lé Jay FM ní Jọs nítorí orin yẹn, wọ́n ní ó kún fún ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́. Ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́! Ẹ bá mi dá sí i. Èyí tí wọ́n ń kọ níbi ọjọ́ ìbí ọmọ ọdún márùn-ún ní àdúgbò yín ńkọ́? Èyí tí DJ máa ń fi sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá gé àkàrà òyìnbó tán, tí ìyá ọmọ á máa mi ìdí, tí ọmọ á máa mi ìdí, tí ìyá-ìyá á fi ọwọ́ bo ojú ṣùgbọ́n tí yóò máa yọjú láàárín ìka? Orin ìbàjẹ́ gan-an nìyẹn. Kò sí ẹni tó bu owó ìtanràn lé e. Falz yìí, ẹ má gbàgbé, ọmọ Fẹ́mi Fálànà ni, lọ́yà tó gbèjà Fẹlá lọ́jọ́ ayé rẹ̀. Ní 2019 ọmọ náà gbé àwo tuntun jáde, ó pè é ní Moral Instruction, ó fi orin Fẹlá sí inú rẹ̀, Lemi Ghariokwu tó ń ya ẹ̀yìn àwo fún Fẹlá ló sì ya tirẹ̀. Ìwà àwọn ọmọ wọ̀nyí, wọ́n jogún rẹ̀ ni.

Bí ọ̀rọ̀ Mr Macaroni, aláwàdà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣe rí náà nìyẹn. Ẹ mọ̀ ọ́n, nínú eré rẹ̀ òun ni àgbàyà tó máa ń ti ẹ̀yìn ilé wo ọmọbìnrin, tó máa ń fi ohùn ìbàjẹ́ pe orúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn pásítọ̀ àti àlùfáà ń wò ó lórí fóònù ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n tún ń sọ pé ó ń ba ọmọ jẹ́. Kò sí ẹni tó mú un nítorí ìyẹn. Ọjọ́ tó lọ sí ẹnubodè Lẹ́kìí, 13 oṣù Kejì ọdún 2021, láti ṣèwọ́de, ni ọlọ́pàá mú un, tí wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀, tí wọ́n kó o sínú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ mìíràn bí ẹni kó ewúrẹ́ lọ sọ́jà. Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ ń sọ fún yín. Àgbàyà nínú eré kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Ọmọlúàbí lójú títì ló bí wọn nínú.

Ẹ dákẹ́, mo ń bọ̀ nílé. Ìbàdàn. Ọdún 2018. Ilé orin Yínká Ayéfẹ́lẹ́, Music House, tí ilé iṣẹ́ rédíò Fresh FM wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin yìí ni ìjàǹbá ọkọ̀ gbé sórí kẹ̀kẹ́ aláìlera ní 1997, tó ti orí kẹ̀kẹ́ náà kọrin di olówó, tó fi owó orin kọ́ ilé tí wọ́n díye lé ní nǹkan bí mílíọ̀nù 800 náírà. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù Kẹjọ, nígbà tí àwọn kan ṣì ń wá bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, katakátà ti wó iwájú ilé náà. Ọ̀rọ̀ ti wà ní kóòtù o! Ìjọba Ọ̀yọ́ ní ilé náà kò bá ìwé àṣẹ ìkọ́lé mu, wọ́n ní kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń sọ lórí rédíò. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn mọ ohun tí ẹ ń sọ fún ara yín ní Challenge àti ní Mókọ́lá. Ẹ ní àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ inú ilé yẹn ti ń sọ̀rọ̀ jù. Ọ̀kan nínú méjèèjì ló jẹ́ òtítọ́, ó sì lè jẹ́ méjèèjì pọ̀.

Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bí ló wà lórí àga nígbà náà, kí Ọlọ́run forí jì í, ó ti lọ ní 2020. Ọkùnrin tí ẹnu òun náà ti sọ di eré tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH wá bá a nítorí iléèwé wọn tó ti wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn nípa àṣẹ àti ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Háà! Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti fi ṣe àwàdà, wọ́n ti fi ṣe orin, wọ́n ti fi ṣe àkọlé ẹ̀yìn mọ́tò. Ó wá jọ pé lẹ́yìn ọdún kan àti ààbọ̀, katakátà ni èsì. Àwọn ọmọ ìlú sunkún ọkùnrin orí kẹ̀kẹ́ náà ju bí wọ́n ṣe sunkún ilé lọ. Kó tó pẹ́, gómìnà àti olórin ti bára wọn parí ìjà, ìjọba ní àwọn yóò tún ibi tí àwọn wó kọ́. Nígbà tí ìbò dé ní 2019, Ajímọ̀bí ń wá ìjókòó ilé aṣòfin àgbà, kò rí i. Mi ò ní orin ló fà á. Mo kàn ń sọ bó ṣe tẹ̀ léra ni.

Ti Twitter, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́, ẹ̀rín ló pọ̀ nínú rẹ̀. Lai Mohammed, ọmọ Òró ní Kwara, ló jẹ́ mínísítà ìròyìn nígbà náà. Twitter pa ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Bùhárí kọ síbẹ̀ rẹ́, ìjọba sì ti Twitter pa, láti 5 oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di 13 oṣù Kìíní ọdún 2022. Ibo ni ilé iṣẹ́ mínísítà ti kéde rẹ̀? Lórí Twitter. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní VPN, ọ̀sẹ̀ yẹn ló mọ̀ ọ́n, ọmọ rẹ̀ ló bá a fi sí i. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí wọn kò fẹ́ kí òun rí.

Mo ti ń fẹ́ dé ti ọdún 2025 láti ìgbà yìí. Eedris Abdulkareem, ẹni ìjelòó, tó ti di àgbà, tún dé. Orin rẹ̀ Tell Your Papa kọ ojú sí Ṣèyí, ọmọ Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, ó ní kó lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé ebi ń pa ìlú. Ẹ̀yin àgbà, ṣé ó bójú mu kí a rán ọmọ níṣẹ́ èébú sí bàbá rẹ̀? Kò bójú mu. Mo sọ ọ́ tẹnu-tẹnu. Bí ó bá ṣe inú ilé wa ni, a ó pe ọmọ náà wá jókòó. Ṣùgbọ́n ní 9 oṣù Kẹrin, NBC ti kọ lẹ́tà sí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn, wọ́n ní wọn kò gbọdọ̀ fi orin náà sí afẹ́fẹ́ mọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n rán ọmọ wá dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹbí ni ọjọ́ yẹn. Ẹni tí kò gbọ́ orin Eedris láti ogún ọdún wọ inú YouTube ní alẹ́ náà.

Èyí tó wá ń dùn mí nínú rẹ̀ nìyí. Àwọn wo ló ń ṣèjọba? Àwọn ọmọ NADECO, ẹgbẹ́ tó bá ìjọba ológun jà. Àwọn tí Abacha lé kúrò nílùú, tí Tinúbú náà wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n pa Kúdírátù Abíọ́lá ní Èkó ní oṣù Kẹfà ọdún 1996, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ rédíò tí wọ́n ń gbọ́ láti òkè òkun, Rédíò Kudirat, rédíò tí ìjọba kò fọwọ́ sí, tí kò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ilé wa, ẹ̀yin ilé yín náà, a máa ń ti ilẹ̀kùn ká tó yí i sí i, a máa ń dín ohùn rẹ̀ kù nítorí aládùúgbò. Orin àti ọ̀rọ̀ tí ìjọba kò fẹ́ ló gbé wọn dé ibi tí wọ́n wà. Wọ́n dé ibẹ̀ tán, orin kan ṣoṣo láti ẹnu olórin tí ara rẹ̀ kò le dáadáa ni wọ́n ní kó má bọ́ sí etí wa. Ẹ bá mi wí fún wọn, èmi ò lè sọ ọ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká kó gbogbo ẹjọ́ lé ìjọba. Àwọn ènìyàn wa lórí afẹ́fẹ́ ńkọ́? Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń ka kókó inú ìwé ìròyìn láàárọ̀, tí ohùn wọn dùn, tí wọ́n mọ òwe bí ẹni mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Ẹ máa fi ọkàn tẹ̀ lé wọn fún oṣù mélòó kan. Irú wọn kan wà tó máa ń fi ẹnu na gómìnà láàárọ̀, tó máa ń ka gbogbo gbèsè rẹ̀ ní orí afẹ́fẹ́, tí àwọn awakọ̀ á máa fọwọ́ lu sìtíárìn. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fo ojú ewé kan. Nígbà tó bá di oṣù kejì, ó ti ń ní ká máa fi sùúrù bá ìjọba lò, ọjọ́ kan kọ́ ni wọ́n kọ́ Rome. Rome! Ẹni tó ń fi Ọ̀rúnmìlà ṣe àpẹẹrẹ lánàá! Ẹ̀gúnjẹ ti dé ibẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á ní owó ọkọ̀ ni, owó ọkọ̀ tó lè ra ọkọ̀.

Àwọn olórin ńkọ́? Ẹ wo fídíò ìpolongo ìbò èyíkéyìí ní ìpínlẹ̀ yín. Olórin tó kọrin fún ẹgbẹ́ onígbálẹ̀ ní ìjẹta ni ó ń kọrin fún ẹgbẹ́ alámùrẹ̀lá ní òní, ìlù kan náà, ohùn kan náà, orúkọ nìkan ló yí padà. Ó pe gómìnà ní alágbára, ó pè é ní ẹni tó la ọ̀nà, ó pè é ní ẹni tó tan iná. Àwọn tó ń jó lábẹ́ tẹ́ǹtì ti fi jẹnẹrétọ̀ gbé iná wá. Ìyàwó gómìnà ń ná owó sí i lórí, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, àbí ẹnì kan ti gbọ́ pé àjọ EFCC, tó ń mú àwọn tó ń ná owó lóde àríyá, wọlé síbẹ̀ lọ mú ẹnikẹ́ni? Àwa náà ń ju owó tiwa láti ìsàlẹ̀, nítorí pé a kò fẹ́ kí aládùúgbò sọ pé ọwọ́ wa há. Mo rí ìyá arúgbó kan lórí tẹlifíṣàn tó ń jó orin tó ní ọ̀nà tí gómìnà là dé abúlé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ìjọba gbé owó ìtanràn ọ̀rọ̀ ìkórìíra lórí rédíò kúrò ní 500,000 náírà, wọ́n sọ ọ́ di mílíọ̀nù márùn-ún, wọ́n sì bù ú lé Nigeria Info ní Èkó láàárín ọjọ́ mélòó kan nítorí ọ̀rọ̀ tí àlejò kan sọ lórí ètò wọn. Ó ti yé mi. Ẹ kàn bá mi béèrè lọ́wọ́ NBC nígbà tí ẹ bá dé Àbújá: orin tó ní gómìnà la ọ̀nà tí kò là, èló ni owó ìtanràn tirẹ̀?